Lọ́wọ́ Ta Lo Ti Kà Á?

Nígbà tí ìwé náà yóò fi dé ọwọ́ mi, kò ní èèpo, kò sì ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ti fi àwọn ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ di abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì fún àwọn oníbàárà. Iṣẹ́ tí ìyá mi ń ṣe ní Bouaké, ìlú kan lápá àríwá Àbíjàn, nìyẹn: wọ́n ń ta abẹ́rẹ́, okùn ìránṣọ, dígí kékeré, ìyarun àti ọṣẹ olóòórùn dídùn lórí tábìlì kan ní ọjà, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní tábìlì Ánágó, nítorí Ánágó ni orúkọ tí wọ́n fún gbogbo àwa Yorùbá. Bí òyìnbó kan bá ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí ìlú rẹ̀, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ a kó ìwé àti ìwé ìròyìn tí kò fẹ́ mọ́ jáde, a sì di ohun tí àwọn ọlọ́jà fi ń pọ́n ọjà. Inú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni ìwé yìí ti wá. Mo ń bá ìyá mi ya bébà ní ọjọ́ kan ni mo ṣàkíyèsí pé ohun tí mo ń ya kì í ṣe Faransé. Lẹ́tà Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, mo lè pè é, àmọ́ n kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Mo rọra fi í sábẹ́ itan. Ìyá mi rí mi. Wọ́n ní, "Ràbí, bébà tó nípọn nìyẹn o, irú rẹ̀ ló dáa fún abẹ́rẹ́." Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fi jìn mí. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kí n lọ wá bébà mìíràn tí n ó fi dí àyè rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ó jẹ́ kí n tó dé ilé, torí ohun tí mo ti ń wá kiri ni. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mò ń lọ, wákàtí kan náà ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní èdè Látìn tí wọ́n sì fi ń kọ́ àwa ọmọbìnrin ní ìránṣọ. Látìn ni èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́. Kò sí ẹni tí ń fi í dá àpárá nílé mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè ka ìwé tí wọ́n fi kọ, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀, kò lè wọ líísè, ilé ẹ̀kọ́ girama ńlá, ní Àbíjàn ní ẹ̀ka tí mo fẹ́. Mo fẹ́ ẹ gan-an. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo ti bá ara mi yan ibi tí n ó máa jókòó sí ní kíláàsì tí n kò rí rí. Mo lọ bá dìrẹ́tọ̀ wa, Faransé gíga kan tí ikọ́ kì í dá lẹ́nu rẹ̀, mo ní èmi náà fẹ́ ṣe ìdánwò Látìn. Ó wo aṣọ tí mo ń rán lọ́wọ́. Ó ní kò sí òfin tí ó ní kí ọmọbìnrin má ṣe é, ṣùgbọ́n kò sí wákàtí fún mi, kò sì sí olùkọ́. Bí mo bá lè dá a kọ́ fúnra mi, kí n wá jókòó pẹ̀lú àwọn yòókù nígbà tí ìsinmi ńlá bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó yá mi ìwé gírámà kan àti ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ kan tí ó wúwo bí ọmọ ọlọ. Bàbá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ Àbíjàn náà, ìdáhùn wọn kò sì gùn. Bí mo bá yege, n ó lọ. Bí n kò bá yege, tábìlì ìyá mi ń bẹ ní ọjà, ọkọ tí wọ́n sì ti ń bá mi wò ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń bẹ níbẹ̀. Wọn kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni tí ń sọ pé òjò yóò rọ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ilé wa ní àdúgbò Sokoura kì í dákẹ́. Kí ojú tó là dáadáa, a ó ti gbọ́ omi nínú kẹ́tùlù àlùwàlá, lẹ́yìn rẹ̀ ni odó àwọn Baoulé, ọmọ onílẹ̀, tí ilé wọn fara ti tiwa, tí wọ́n ń gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ iṣu, lẹ́yìn rẹ̀ ni fèrè rélùwéè. Ẹ̀kọ àti àkàrà ni a ń jẹ ní òwúrọ̀. Ní ọ̀sán, bí ìyá mi bá pẹ́ ní ọjà, a ó ra atíẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ẹja díndín, ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, kò sì fọwọ́ kàn án rí ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi gbé Bouaké. Wọ́n ní gààrì tí ọ̀lẹ kò yan tán ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kírun Alásárì tán, ohùn àwọn ọmọ kéwú ni yóò bo gbogbo ìró yòókù mọ́lẹ̀. Bàbá mi, tí gbogbo ọjà mọ̀ sí Alfa Lámídì, a ta aṣọ ní àárọ̀, a sì kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní ìrọ̀lẹ́ lábẹ́ páànù iwájú ilé wa. Wọ́n ní ìlànà tiwọn. Ọmọ yóò kọ́kọ́ mọ lẹ́tà, yóò mọ bí a ṣe ń so wọ́n pọ̀, yóò kà á lórí wàláà títí yóò fi lè kà á láìwo wàláà, ìgbà náà ni wọ́n tó máa sọ fún un ohun tí ó túmọ̀ sí, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan, ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, pẹ̀lú orin tirẹ̀, gbogbo ara a sì máa mì síwájú, a máa mì sẹ́yìn. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣí ìwé ńlá, irú èyí tí àwọn àgbà ń wá gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ ní oṣù ààwẹ̀, wọn a kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tí ó ka ìwé náà fún wọn, wọn a dárúkọ ẹni tí ó kà á fún ìyẹn, títí orúkọ yóò fi dé ìlú tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀, wọn a sì ṣe àdúà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójú bàbá mi, ìwé tí ẹnì kan kò jókòó kà fún ọ, o kò tíì kà á. O kàn wò ó ni.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí èmi mọ̀ láti fi kọ́ èdè àtijọ́ ni ọ̀nà kéwú yìí, nítorí náà òun ni mo gbé kalẹ̀ fún Látìn. Bí mo bá ti fọ abọ́ tán, n ó gbé àpótí sí ìdí igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ìdáná, n ó ṣí ìwé tí kò lórí náà, n ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. *Oppidani*, àwọn ará ìlú. *Indutias*, ìdádúró ogun. *Petiverunt*, wọ́n tọrọ rẹ̀. Mo fi orin sí i, torí n kò mọ̀ pé èdè àtijọ́ kan wà tí kò ní orin. Ìyá Àgbà a máa jókòó nítòsí, wọn a máa bó ẹ̀gúsí. Ojú wọn kò ríran púpọ̀ mọ́ àmọ́ etí wọn le. Nígbàkígbà tí mo bá dánu dúró, wọn a ní "Àmín." Mo kà á pé *nemo respondit*, ẹnikẹ́ni kò dáhùn, Ìyá Àgbà sì dáhùn pé, "Àmín, ọmọ mi, Ọlọ́run á gbọ́." Ìyá Dioula kan tí ń kọjá lọ sí kànga dúró gbọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó gbé obì funfun kan síwájú mi, ó ní "I ni ce," ìyẹn "o kú iṣẹ́" ní èdè wọn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo gé obì náà jẹ. Ogun àwọn ará Róòmù ni mo kà gba sàráà, inú mi sì dùn. Ohun tí kò dùn mọ́ mi nínú ni pé lẹ́yìn gbogbo mímì náà, mo mọ ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ láìmọ ohun tí ìwé ń sọ. N ó to ìtumọ̀ wọn tẹ̀ léra bí ẹni tí ń to ìkòkò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, n ó sì máa wò wọ́n.

Ibẹ̀ ni bàbá mi ti bá mi, tàwọn ti kẹ́tùlù lọ́wọ́. Wọ́n dúró gbọ́ díẹ̀, wọ́n bi mí pé, "Súrà wo nìyẹn?" Mo ní kì í ṣe súrà, ìwé Látìn ni, ti ìdánwò. Wọ́n gbà á, wọ́n yí i sókè sódò, wọ́n wá èèpo rẹ̀ tì. "Ta ló kọ ọ́?" Mo ní n ò mọ̀, wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ di abẹ́rẹ́. "Ṣé èdè àwọn fáádà nìyí?" Mo ní àwọn fáádà náà ń kà á, àmọ́ dìrẹ́tọ̀ ní àwọn tó kọ irú ìwé yìí ti kú kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa Ànábì Ísà. "Kèfèrí ni wọ́n nígbà náà." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ó sàn díẹ̀. Mo ti ń rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nígbà tí wọ́n béèrè èyí tí mo ń bẹ̀rù.

"Lọ́wọ́ ta lo ti ń kà á?"

"Mò ń dá a kà ni, Bàbá."

"Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ta ló ń gbọ́ ọ bí o bá ṣì í kà? Ta ló ń sọ fún ọ pé ibi báyìí kọ́ ló ń lọ?" Wọ́n gbé ìwé náà lọ sí orí pẹpẹ nínú yàrá wọn, níbi tí wọ́n ń to ìwé kéwú sí, wọ́n ní ọjọ́ tí mo bá rí ẹni tí yóò jókòó síwájú mi ni n ó rí i gbà. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ kí n fìdí rẹmi. Mo mọ̀ ọ́n nísinsìnyí, mo sì mọ̀ ọ́n díẹ̀ nígbà náà. Bí wọ́n ti ń bẹ̀rù iná ni wọ́n ń bẹ̀rù ẹni tí ó bá dá ìwé túmọ̀, torí wọ́n ti rí àwọn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú kéwú tí wọ́n sì ṣi ará àdúgbò lọ́nà. Síbẹ̀ mo bínú. Mo bínú débi pé n kò lè jẹ ẹ̀kọ.

Mo wá olùkọ́. Mo bi dìrẹ́tọ̀, ó tún sọ ohun tí ó sọ tẹ́lẹ̀, ó wúkọ́, ó tọrọ gááfárà. Mo bi Kuasi, ọmọ Baoulé tí a jọ wà ní kíláàsì, tí òun ń kọ́ Látìn pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin. Ó ní òun lè fi ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó hàn mí, àmọ́ nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, wọ́n ní ẹgbẹ́ mi kì í ṣe olùkọ́ mi, àti pé kí ló tilẹ̀ ń wá lẹ́yìn ilé ìdáná wa. Mo dé ọ̀dọ̀ fáádà ní ìjọ Àgùdà. Ara rẹ̀ yá mọ́ mi, ó ní kí n máa bọ̀ ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, kí n jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń múra ìrìbọmi. Èyí ni n kò tilẹ̀ gbé dé ilé. Ọjọ́ ń lọ. Àwọn ọmọkùnrin ń jáde láti kíláàsì Látìn pẹ̀lú ẹ̀fun lọ́wọ́, èmi ń jáde láti kíláàsì ìránṣọ pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ tí mo ti ṣe etí rẹ̀ tán, ìyá mi sì ti ń bi mí lọ́rọ̀ nípa irú abẹ́rẹ́ tí àwọn aránṣọ fẹ́ràn jù, bí ẹni pé a ti jọ ń tajà.

Ìyá Àgbà ni wọ́n yanjú rẹ̀, láìmọ̀ pé ohun kan ń bẹ láti yanjú. A ń jẹun alẹ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Lámídì, kéwú tí ọmọ yìí máa ń ké lẹ́yìn ilé ìdáná, èmi ò gbọ́ ọ mọ́." Bàbá mi ní, "Kì í ṣe kéwú, Ìyá. Ìwé òyìnbó ni." Ìyá Àgbà ní, "Ìwé òyìnbó ni mo ń ṣe àmín sí látọjọ́ yìí?" Ìyá mi fi gèlè bo ẹnu. Bàbá mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n kó ara wọn ní ìjánu. Ìyá Àgbà ronú sí i, wọ́n ní, "Kò burú. Ó ń bá mi gbé ẹ̀gúsí lọ. Ẹ jẹ́ kó máa kà á." Bàbá mi fọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì gbé ìwé náà jáde. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ẹlòmíràn, àwọn fúnra wọn ni yóò jókòó síwájú mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò gbọ́ ọ." Wọ́n ní, "Ìwọ ni wàá mú kí n gbọ́ ọ. Ohun tí kò bá yé mi, kò yé ìwọ náà." Òfin tí wọ́n fi lélẹ̀ nìyẹn, kò sì yí padà títí ìdánwò fi dé.

Láti ìgbà náà, bí àwọn ọmọ kéwú bá ti ká ẹní wọn lọ sílé, èmi àti bàbá mi a jókòó lábẹ́ páànù. N ó ka Látìn ní ohùn rara. N ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá, kì í ṣe Faransé, torí Yorùbá ni wọ́n fi ń gbọ́ ìtumọ̀. Wọn a bi mí: ta ló ṣe é? Ta ló ṣe é sí? Kín ló fà á? Bí n kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn a ní "Padà," n ó padà. Mo kórìíra "padà" yẹn. Ìgbà mìíràn à ń lo gbogbo ìrọ̀lẹ́ lórí ìlà kan, odó àwọn Baoulé yóò dún, yóò dákẹ́, a ó ṣì wà lójú kan. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀, torí kò ṣeé ṣe kí o dáhùn pé ta ló ṣe é láìtú gbólóhùn ká kí o sì tún un hun. Ìtàn náà nìyí: ọ̀gágun Róòmù kan pàgọ́ sí ìsàlẹ̀ òkè, ìlú kan wà lórí òkè náà tí ó ní odi, ọkà àwọn ọmọ ogun sì ti ń tán. Àwọn ará ìlú tọrọ kí ogun dáwọ́ dúró. Bàbá mi fẹ́ràn ibẹ̀. Wọ́n ní ọlọ́gbọ́n ni àwọn ará ìlú náà, wọ́n ń fẹ́ mọ bí ebi ti ń pa ọ̀gágun tó. Ìgbà tí mo wá kà á pé ọ̀gágun náà kó àwọn ọmọ tirẹ̀ fún ìlú láti fi ṣe ìdógò, kí ẹnikẹ́ni má baà da àdéhùn, bàbá mi gbé ọwọ́ sókè. "Ẹni tó kó ọmọ ogun yí ìlú ká, òun ló tún máa kó ọmọ fún wọn? Padà." Mo padà. Mo wá a nínú ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀, mo wá a nínú gírámà, mo sì rí i pé èmi ni mo fi ẹni tó fúnni sí àyè ẹni tó gbà. Àwọn ará ìlú ló kó ọmọ wọn fún un. "Ẹ̀n-ẹ́n," ni bàbá mi wí, "ìyẹn jọ ayé."

Nípa báyìí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ohun tó bá ti jọ ayé lójú bàbá mi ni ìwé yóò sọ, ó sì rọ̀ mí lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a dé ibi iná. Ìwé náà ti fi ojú ewé méjì sọ nípa ọkà, bí wọ́n ṣe rù ú, ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà, ẹrẹ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ó ní: *oppidum incensum est*. Wọ́n dáná sun ìlú náà. Ó tán. Ó tún padà sórí ọkà. Bàbá mi ní "Padà." Mo padà, ohun kan náà ni. Wọ́n ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ti gba ọmọ ọlọ́mọ sọ́wọ́, tó ti ṣàdéhùn, kò lè tún sun ilé wọn. Wọ́n ní mo ti tún fi ẹnì kan sí àyè ẹlòmíràn ni. Kí n wò ó dáadáa. Mo wò ó títí ojú fi ń ta mí. Mo lè wá ọgbọ́n dá. Mo lè sọ pé iná ṣèèṣì ṣẹ́ yọ, inú wọn ì bá dùn, à bá kọjá síwájú. Mo ní, "Bàbá, bó ṣe wà nìyẹn." Wọ́n ní, "Ìwé ló sọ ọ́ àbí ìwọ ló sọ ọ́?" Mo ní, "Ìwé ló sọ ọ́. Èmi náà ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè yí i." N kò tíì ta ko bàbá mi rí kí ọjọ́ náà tó dé. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn agbádá wọn, wọ́n wọlé. Mo rò pé ìwé ti padà sórí pẹpẹ nìyẹn, àti èmi pẹ̀lú rẹ̀.

Ọjọ́ kejì bàbá mi lọ tajà ní ìlú Marabadiassa, wọn kò sì tètè dé. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n mu omi, wọ́n kírun, wọ́n sì wá jókòó sórí ẹní níbi tí wọ́n máa ń jókòó sí. Wọ́n ní, "Àhoro kan wà lójú ọ̀nà Marabadiassa. Igi máńgòrò ló kù níbẹ̀. Mo ti ń kọjá níbẹ̀ látọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, mi ò béèrè rí. Òní ni mo béèrè lọ́wọ́ dírẹ́bà. Ó ní wọ́n sun ún ni. Mo ní ta ló sun ún? Ó ní wọ́n kàn sun ún ni." Wọ́n nàka sí ìwé náà. "Ìwé tìrẹ yẹn, ta ló sun ìlú náà?" Mo wo ìwé. Mo ní, "Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, Bàbá. Ó kàn ní wọ́n sun ún." Wọ́n ní, "Ó rántí ẹrẹ̀, kò rántí ẹni tó ṣáná. Níbi tó ti ń sáré kọjá yẹn, ibẹ̀ ni kó o dúró. Ṣé o gbọ́ mi? Kà á lọ." Mo ti kàwé púpọ̀ láti ìgbà náà, mo sì ti jókòó síwájú àwọn olùkọ́ tí orúkọ wọn gùn. N kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni nínú wọn sọ ohun kan fún mi tí mo lò tó èyí.

Ọjọ́ ìdánwò, mùsíyẹ̀ arúgbó kan tí ó ti Àbíjàn wá àti màdáàmù kan ni wọ́n jókòó lẹ́yìn tábìlì. Wọ́n fún mi ní ìwé kan tí n kò rí rí, nípa ìlú kan tí ìyàn mú, àti gómìnà tí ó wá oúnjẹ fún un. Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàgbé ibi tí mo wà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mì síwájú sẹ́yìn, mo sì fi orin sí i. Màdáàmù náà wo mùsíyẹ̀ arúgbó. N kò dúró. Mo kà á tán, mo túmọ̀ rẹ̀ ní Faransé, mo ṣi ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan, mo padà fúnra mi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní "padà." Mùsíyẹ̀ náà bi mí pé kí ni mo rí nínú rẹ̀. Mo fi ìka sí ìlà kan, mo ní, "Níbí." Ó ní kí ló wà níbẹ̀. Mo ní ẹni tó kọ ìwé yìí fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ nípa búrẹ́dì, bí ó ti pọ̀ tó àti bí inú àwọn ènìyàn ti dùn, àmọ́ ó fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ pé wọ́n ti kọ́kọ́ lé àwọn àlejò jáde nínú ìlú kí oúnjẹ lè kárí; kò sọ ẹni tó lé wọn, kò sọ ibi tí wọ́n lọ, ó sì sáré padà sórí búrẹ́dì. Èmi àti gbogbo ilé wa, àlejò ni wá ní Bouaké. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi rí i. Arúgbó náà bọ́ dígí ojú rẹ̀. Ó ní, "Lọ́dọ̀ ta lo ti kọ́ bí a ti ń kàwé báyìí?" Mo ní lọ́dọ̀ bàbá mi. Ó ní, "Bàbá rẹ gbọ́ Látìn?" Mo ní rárá, mùsíyẹ̀. Màdáàmù náà rẹ́rìn-ín. Arúgbó náà kò rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Dìrẹ́tọ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé mo yege. Mo sáré láti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé Sokoura, bàtà mi lọ́wọ́. Ìyá mi pariwo, wọ́n di mọ́ mi, wọ́n sì kúnlẹ̀ ti ẹ̀wà tí wọ́n ti rẹ sómi láti fi din àkàrà fún gbogbo ọmọ kéwú, bí a ti ń ṣe bí ọmọ bá dé ibi pàtàkì nínú kùránì. Wọ́n sunkún díẹ̀ sórí ẹ̀wà náà, torí Àbíjàn jìnnà, tábìlì ọjà sì ti ń retí mi. Bàbá mi gbọ́ ọ láìdìde. Wọ́n ní, "Àlùhàmúdù lílàhì. Kín ni wọ́n bi ọ́?" Mo ní wọ́n bi mí pé lọ́wọ́ ta ni mo ti kà á. "Kín lo wí?" Mo ní, "Mo ní ọwọ́ yín ni." Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Èmi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀," wọ́n sì gbé kẹ́tùlù, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá. Ó dùn mí. Mo jẹ àkàrà mi láìmọ̀ bóyá ó níyọ̀. Mo rò pé mo ti fi wọ́n sí ibi tí wọn kò fẹ́ wà, pé mo ti da ìlà orúkọ wọn rú.

Oṣù ààwẹ̀ wọlé kí n tó lọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tàfúsírì, ìyẹn ìtumọ̀ kùránì, àwọn ọkùnrin Ánágó tó wà ní ọjà kún abẹ́ páànù wa lẹ́yìn ìrun Alásárì, àwa obìnrin sì wà nínú ilé, lẹ́yìn aṣọ tí a ta sí ojú fèrèsé. Bàbá mi ṣí ìwé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn tí wọ́n kàwé lọ́wọ́ wọn, bí wọ́n ti máa ń ṣe, ẹni tó ti kú, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ẹni tó wà láàyè, kí Ọlọ́run lọ́ra ẹ̀mí rẹ̀, àwọn ọkùnrin tẹ́ ọwọ́, wọ́n di ojú, wọ́n ń ṣe àmín. Mo mọ àwọn orúkọ náà lórí. Mo mọ èyí tí ó kẹ́yìn. Bàbá mi dárúkọ rẹ̀, wọ́n ṣe àdúà fún un, wọn kò sì gbé ọwọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Àti ìwé àwọn ará Róòmù. Mo kà á lọ́wọ́ Ràbíátù ọmọ Lámídì. Kí Ọlọ́run lọ́ra ẹ̀mí rẹ̀, kí ó mú un lọ ire, kí ó mú un bọ̀ ire." Ohùn Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ jáde láti inú ilé. Àwọn ọkùnrin tẹ̀ lé e, wọ́n sì ti ní "Àmín" kí wọ́n tó la ojú wo ara wọn.